Ẹ má jẹ́ ká pè é ní ihò: lórí iṣan tí wọ́n ń rán pọ̀ sí apá aláìsàn kíndìnrín

Mo kí gbogbo ilé, okun o. Mo ti ka àwọn àbá yín lórí ohun tí a ó máa pe fìsítúlà ní Yorùbá, ìyẹn iṣan ẹ̀jẹ̀ méjì tí wọ́n ń rán pọ̀ ní apá ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti daṣẹ́ sílẹ̀, kí ẹ̀rọ lè máa ti ibẹ̀ fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ẹnì kan ní "ihò àárín iṣan", ẹlòmíì ní "iṣan àsopọ̀", àbúrò wa tó ń gbé Lọ́kọ́ja sì mú "ìpàdé iṣan" wá. Ti ihò yẹn ni mo fẹ́ kọ́kọ́ bá jà, torí mo ti rí ohun tó fà.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní Mọ̀pà ni. Nígbà tí dókítà sọ pé àwọn yóò ṣe fìsítúlà fún un, ẹkún ló bú sí. Fìsítúlà tí òun gbọ́ rí lórí rédíò ni àìsàn àwọn obìnrin tí ìrọbí pẹ́ lára wọn, tí ìtọ̀ wá ń dà lára wọn láìdúró. Ó ní, "Kíndìnrín ni mo gbé wá, ẹ tún fẹ́ fi ìyẹn kún un fún mi?" Ẹni tó ń ṣe ògbufọ̀ fẹ́ tù ú nínú, ó ní ihò lásán ni wọ́n fẹ́ lu sí iṣan rẹ̀. Ó kọ̀ jálẹ̀. Rọ́bà tí wọ́n ki bọ ọrùn rẹ̀ ni wọ́n ṣì ń lò fún fífọ ẹ̀jẹ̀, títí kòkòrò fi gba ibẹ̀ wọlé, tí ibà dá a gúnlẹ̀. Ìgbà tó yá ló tó gbà kí wọ́n ṣe apá òsì. A délé tán, a tún ń tọ́jú apá náà bí egbò: ẹnì kan fi aṣọ dì í pinpin, ẹnì kan fẹ́ fi omi gbóná jó o. Ihò ni wọ́n sọ fún wa, a sì ṣe é bí ihò.

Bẹ́ẹ̀, kò sí ohun tó ń jò níbẹ̀. Iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ jáde látinú ọkàn nípọn, ó lágbára, ṣùgbọ́n ó jìn nínú ẹran. Èyí tó ń dá ẹ̀jẹ̀ padà sí ọkàn wà lókè lábẹ́ awọ, ó sì fẹ́lẹ́. Ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ ń fa nǹkan bíi mìlílítà 300 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìṣẹ́jú kan, fún nǹkan bíi wákàtí 4, ìgbà 3 lọ́sẹ̀ tó bá pé bó ṣe yẹ. Iṣan fẹ́lẹ́ kò lè gbà á. Oníṣẹ́ abẹ á wá rán èyí tó fẹ́lẹ́ mọ́ èyí tó lágbára, kí agbára ẹ̀jẹ̀ lè mú un fẹ̀, kí ara rẹ̀ sì le. Níú Yọ́ọ̀kì ni àwọn dókítà Brescia, Cimino àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ti gbé e jáde fáyé gbọ́ ní 1966. Orúkọ tí wọ́n fún un, fìsítúlà, ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ fún èyí tí ọ̀bẹ tàbí ọta ìbọn máa ń dá sílẹ̀ láàárín iṣan méjì. Nínú èdè Látìn tí ọ̀rọ̀ náà ti wá, fèrè tàbí ọ̀pá oníhò ni.

Ní ti "àsopọ̀": ohun tí a bá so, a fún un ni. Ẹ̀jẹ̀ kì í kọjá nínú iṣan tí a so. "Ìpàdé" dùn létí, pàápàá fún àwa tí a mọ ibi tí Odò Ọya àti Bẹ́núé ti pàdé. Ṣùgbọ́n àwọn odò yẹn pàdé fúnra wọn, wọ́n sì jọ ń lọ sí òkun ni. Nínú apá, ọ̀kan ń lọ sí ọwọ́, èkejì ń ti ọwọ́ bọ̀. Èèyàn ló fi abẹ́rẹ́ àti òwú so wọ́n di ọ̀kan. Ẹ wò ó, èmi náà ti sọ "so"! Rírán ni mo fẹ́ sọ. Nítorí náà, iṣan àránpọ̀ ni mo fara mọ́. Màmá àgbà tí kò mọ̀wé á gbọ́ ọ, á sì mọ̀ pé ẹnì kan mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é fún ire òun ni.

Iṣan àlọ tí ẹ ti lò fún èyí tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ jáde látinú ọkàn, àti iṣan àbọ̀ fún èyí tó ń dá a padà, dára, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbàgbé àmì ohùn, kí àlọ má di àlọ́. (Kíndìnrín náà, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bíbélì àtijọ́ pè é ní iwe, ṣùgbọ́n iwe adìyẹ ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa rò lónìí.)

Ẹnì kan bèèrè bóyá "pọ́n" ni ká lò nígbà tí iṣan náà bá ti tó ó gún lábẹ́rẹ́, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan tàbí oṣù méjì, mẹ́ta. Rárá o. Ohun tó pọ́n máa ń rọ̀. Gbígbó ni iṣan máa ń gbó, bí iṣu.

Èyí tó kù ló ká mi lára jù. Tí o bá gbé ìka lé iṣan àránpọ̀, wàá gbọ́ ọ tó ń gbọ̀n lábẹ́ ọwọ́ rẹ; tí o bá gbé etí sí i, bí ilé oyin ni. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ló fún un lórúkọ fúnra rẹ̀: "Ó ń kùn." Àràárọ̀ ló ń fọwọ́ kàn án kó tó dìde. Ọjọ́ tí kò bá kùn mọ́, ẹ̀jẹ̀ lè ti dì níbẹ̀, ọjọ́ náà gan-an ni kó lọ sí ilé ìwòsàn. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ní apá náà mọ́, kò sì fi í rọrí.

Mo dábàá "kíkùn" fún gbígbọ̀n àti ìró rẹ̀ papọ̀. Ẹ̀yin ará Bùnú àti Ọ̀wọ̀rọ̀, tí ẹ bá ní ọ̀rọ̀ tó sún mọ́ ọn jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́.