Ọmọ tí etí rẹ̀ wúwo ní kíláàsì mi: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìbéèrè (olùkọ́ Pírámárì 2, ẹ̀bá Ìsẹ́yìn)
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ilé ẹ̀kọ́ ìjọba ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Àwọn ọmọ kíláàsì mi lé ní 50, èmi nìkan ni mo sì ń kọ́ wọn. Ọmọkùnrin ọlọ́dún 8 kan wà láàárín wọn. Bí mo bá ní kí wọ́n ṣíwèé, á kọ́kọ́ wo ọwọ́ ẹni tó jókòó tì í kó tó ṣí tirẹ̀. Bí mo bá pè é láti ẹ̀yìn, kì í yíjú. Ìṣirò tí mo bá kọ sójú pátákó kì í ṣòro fún un, ṣùgbọ́n bí a bá ń ṣe àpèkọ, òfìfo ni ìwé rẹ̀ máa ń wà. Olùkọ́ tó kọ́ ọ lọ́dún tó kọjá ní olóríkunkun ni, pé ẹgba ló ń wá. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀, torí mo rí bó ṣe ń tẹjú mọ́ mi lẹ́nu. Ìyá rẹ̀ ní etí rẹ̀ máa ń ṣọyún láti kékeré, pé àdí làwọn ń kán sí i. Ọ̀gá wa ti ní ká sọ fún wọn kí wọ́n mú un lọ sílé ẹ̀kọ́ àwọn adití. Ó ń sọ̀rọ̀ o, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í dá ṣáká. Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni mo ṣe lè kọ́ ọ, kí àwọn yòókù má sì pàdánù?

Ìyá kan, Abẹ́òkúta
Tíṣà mi, Ọlọ́run á bù kún yín. Ẹ bá mi bẹ ìyá ọmọ yẹn kó má kán àdí sí i mọ́! Etí tó ń ṣọyún, awọ inú rẹ̀ lè ti lu. Dókítà elétí ni kí wọ́n gbé e lọ bá. Ẹ̀ka etí, imú àti ọ̀fun wà ní ilé ìwòsàn ńlá UCH, Ìbàdàn. Wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á tọ́jú rẹ̀, wọ́n á sì wọn bó ṣe ń gbọ́ràn tó.

Olùkọ́ ẹ̀kọ́ àkànṣe, Ọ̀yọ́
Ohun tí màmá sọ ni kó ṣáájú. Ní ti kíláàsì, ẹ gbé e wá síwájú, ṣùgbọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, níbi tó ti lè rí ẹnu yín àti ojú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń dáhùn. Etí tó bá dára jù ni kó kọ sọ́dọ̀ yín. Ẹ má dúró kí fèrèsé wà lẹ́yìn yín, torí ojú yín á ṣókùnkùn sí i. Ẹ má sọ̀rọ̀ nígbà tí ẹ bá kọjú sí pátákó. Ẹ kọ̀wé tán, ẹ yíjú padà, kí ẹ tó sọ̀rọ̀. Ẹ má pariwo mọ́ ọn, ariwo máa ń yí ẹnu padà.

Ẹ rántí pé ohùn kì í hàn lẹ́nu. Ọkọ̀, ọkọ́ àti ọkọ, bákan náà ni ètè ń ṣe sí gbogbo wọn. Nítorí náà ẹ fi nǹkan náà hàn án, tàbí àwòrán rẹ̀, tàbí kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ má sì bi í pé "ṣé ó yé ọ?" Orí ló máa mì fún yín. Ẹ ní kó sọ ohun tí ẹ ní kó ṣe.

Bàbá Tíṣà, Ògbómọ̀ṣọ́ (mo ti fẹ̀yìn tì)
Ọmọ mi, o ṣeun, ṣùgbọ́n mo gba ti ọ̀gá rẹ díẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ adití kì í ṣe ibi ìtìjú. Andrew Foster, adití ará Amẹ́ríkà, dá ọ̀kan sílẹ̀ ní Ìbàdàn lọ́dún 1960, ọ̀pọ̀ èèyàn ló sì ti ibẹ̀ di ẹni. Ẹni kan ṣoṣo, 50 ọmọ!

Olùkọ́ ẹ̀kọ́ àkànṣe, Ọ̀yọ́
Bàbá, ẹ kú àánú wa. Ọmọ tí kò gbọ́ rárá, tó nílò èdè ọwọ́, òótọ́ lẹ sọ, á gbádùn ibẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí ń gbọ́ díẹ̀, a ò sì tíì yẹ etí rẹ̀ wò. Òfin tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ní oṣù kìíní ọdún 2019 ní kí gbogbo ilé ẹ̀kọ́ ìjọba gba àwọn aláàbọ̀ ara mọ́ra, kí ó kéré tán òṣìṣẹ́ kan tó kọ́ṣẹ́ nípa wọn sì wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọ̀gá yín fi ìyẹn kọ̀wé sí ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ ìjọba ìbílẹ̀.

Olùkọ́ kan, Òṣogbo
Ẹ fi ọmọ tó níwà tútù tì í, kó máa nawọ́ sí ojú ìwé tí ẹ wà fún un. Ẹ máa pààrọ̀ onítọ̀hún kó má di ẹrù sí i lọ́rùn. Bí òjò bá sì ń rọ̀ lórí páànù, ẹ pa ọ̀rọ̀ ẹnu tì, iṣẹ́ ojú pátákó ni kí gbogbo wọn ṣe.

Olùkọ́ tó béèrè
Ẹ ṣeun gan-an. Lọ́jọ́ Ajé ni mo máa pààrọ̀ ìjókòó rẹ̀, ìyá rẹ̀ sì ti gbà láti dé Ìbàdàn. Àpèkọ ìdánwò ńkọ́? Máàkì wà fún un.

Olùkọ́ ẹ̀kọ́ àkànṣe, Ọ̀yọ́
Nígbà tí àwọn yòókù bá jáde lọ ṣeré, ẹ jókòó kọjú sí i, kí ẹ pe ọ̀rọ̀ náà fún òun nìkan, kí ẹ sì fi í sínú gbólóhùn kó lè mọ èyí tí ẹ ń pè. Ọ̀rọ̀ kan náà ni, máàkì kan náà ni.