Ẹ́ńjìn agégi mi ń yà sọ́tùn-ún, ìyẹ̀fun ló sì ń tu: ṣé kábúrétọ̀ ni lóòótọ́?

Ọmọ Oní-tíìkì (Tánkẹ́, Ìlọrin)

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn wa. Bàbá mi, kí Ọlọ́run forí jì wọ́n, gbin tíìkì sí ẹ̀yìn Ìdòfìàn ní 1998. Ilẹ̀ náà kò tó éékà kan, ṣùgbọ́n wọn ò dín igi ibẹ̀ rí láti ìgbà náà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ga gbọọrọ, wọ́n tín-ín-rín bí ẹsẹ̀ lékèélékèé. Mo wá ra ẹ́ńjìn tòkunbọ̀ lóṣù tó kọjá kí n lè máa dín wọn díẹ̀díẹ̀ fúnra mi.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ó ń gé e bí ẹni ń gé ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ní báyìí, tí mo bá ti kì í bọ igi, á yà sọ́tùn-ún, ojú ibi tó gé á wá tẹ̀ bí ìwo àgbò. Ìyẹ̀fun ló ń tu, èéfín ń rú lára báà (irin gígùn tí ṣéènì ń sáré yí ká), tí mo bá sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ igi, ńṣe ni ẹ́ńjìn ń sùn. Ọmọkùnrin tó ń bá mi ṣe é ní kábúrétọ̀ ló ti bàjẹ́, kí n mú owó wá ra tuntun. Mo ti ń wá owó ọ̀hún kiri o, ni mo bá ní kí n kọ́kọ́ bi àwọn tó mọ̀.

Mo tún fẹ́ béèrè nǹkan méjì. Àbúrò bàbá mi ní kí n hú gbogbo kùkùté dànù, kí ibẹ̀ má bàa di igbó. Igi òrí kan sì wà láàárín àwọn tíìkì yìí tó gba ààyè tó pọ̀. Ṣé kí n gé e?

Ọmọ Ọjà Ọba

Ẹ̀gbọ́n, ọ́ìlì yín ló kéré. Ẹ da ìlàjì ìgò sí lítà epo kan. Bí mo ṣe ń ṣe é fún "I pass my neighbour" mi nìyẹn, kò tíì yọ mí lẹ́nu.

Bàbá Ẹlẹ́ńjìn (Òmù-Àrán)

Ọmọ Ọjà Ọba, ìlàjì ìgò kẹ̀? Ṣé igi ló fẹ́ gé àbí ẹ̀fọn ló fẹ́ fi èéfín lé?

Oní-tíìkì, má tíì san kọ́bọ̀. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo ti ń fa okùn ẹ́ńjìn, láti ìgbà tí mo ti ń ru kẹ́ẹ̀gì epo tẹ̀ lé ọ̀gá mi wọ igbó Ìsánlú-Ìsin. N kò rí kábúrétọ̀ tó mú ẹ́ńjìn yà sọ́tùn-ún rí. Ṣéènì rẹ ni.

Wo ohun tó ń tu jáde. Ṣéènì tó bá mú máa ń tu èérún tó ṣeé ṣà lọ́wọ́. Èyí tó bá ti kú á máa tu èlùbọ́. Bó bá ti di èlùbọ́, ìwọ lò ń fi apá gé igi, kì í ṣe ẹ́ńjìn mọ́. Títẹ̀ tí ò ń tẹ̀ ẹ́ yẹn ló ń mú un sùn, òun náà ló ń mú báà gbóná tí èéfín fi ń rú.

Ti yíyà ńkọ́? Eyín ṣéènì kọjú síra ni, ọ̀kan sọ́tùn-ún, èkejì sósì. Àwa tí a ń lo ọwọ́ ọ̀tún, bí a bá ń pọ́n ọn, ẹ̀gbẹ́ kan máa ń rọ̀ wá lọ́rùn, a ó sì fá ẹ̀gbẹ́ yẹn ju ìkejì lọ láìmọ̀. Ibi tí eyín bá ti gùn jù ni ẹ́ńjìn ń fà sí. Wá eyín tó kúrú jù lọ, kí o pọ́n gbogbo ìyókù títí wọ́n á fi bá a dọ́gba. Fáìlì róbótó ni kí o lò, kì í ṣe onígun mẹ́ta tí àwọn káfíńtà fi ń pọ́n ayùn. Bí ìwọ̀n ṣéènì rẹ, ní íńṣì, bá jẹ́ .325, fáìlì 4.8 mm, bó bá jẹ́ 3/8, 5.2 tàbí 5.5 mm. Inú ni kí o ti máa tì í lọ síta, má fà á padà. Ọ̀pọ̀ ṣéènì ní ilà kékeré lórí eyín, òun ni yóò fi igun dígírì 30 hàn ọ́. Kí o sì máa kà á: ẹ̀ẹ̀mẹta níbí, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́hùn-ún. Èmi máa ń kà á sókè ni. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ní Bàbá tún ti ń ja tẹ̀sùbáà.

Bó bá ṣì ń yà lẹ́yìn ìyẹn, báà ló jẹ. Pa ẹ́ńjìn, fi rúlà lé ẹ̀gbẹ́ báà kó kan eyín ṣéènì. Ó yẹ kí àlàfo díẹ̀ wà láàárín rúlà àti báà. Bí kò bá sí, ojú ọ̀nà ṣéènì ti fẹ̀ jù, ṣéènì ń dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nínú rẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ń dojú báà dé, ìsàlẹ̀ sókè, nígbàkigbà tí mo bá yọ ṣéènì.

Ohun tó pa ṣéènì rẹ láàárín ọ̀sẹ̀ kan, mo fura sí ikán. Tíìkì tí ẹnikẹ́ni ò yọjú sí láti 1998, kí ikán má ti fi iyẹ̀pẹ̀ gun ẹ̀yìn rẹ̀? Iyanrìn ni nǹkan yẹn, eyín ṣéènì kò sì lè jẹ iyanrìn. Fi ẹ̀yìn àdá ha ibi tí o fẹ́ gé yípo kí o tó tan ẹ́ńjìn. Tíìkì fúnra rẹ̀ tiẹ̀ ní ohun kan náà tó wà nínú iyanrìn nínú ara rẹ̀, ó máa ń mú ṣéènì kú ju ọ̀pọ̀ igi mìíràn lọ. Èmi kì í dúró kó kú: bí táńkì epo bá ti tán, mo máa ń jókòó lórí igi tí mo gé, màá fi fáìlì tọ́ ọ.

Bí eyín bá ti dọ́gba tí ẹ́ńjìn ṣì ń sùn, ṣí fílítà afẹ́fẹ́, gbọ̀n ọ́n, fi búrọ́ọ̀ṣì nù ún. Fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ fa fílítà epo jáde nínú táńkì, wò ó bó bá ti dúdú. Yọ púlọ́ọ̀gì, nù ún. Ìgbà yẹn ni ọmọ yẹn tó lè máa pe kábúrétọ̀.

Ní ti ọ́ìlì, ara ìgò ni kí o kà. Bí wọ́n bá kọ 50:1 (epo àádọ́ta sí ọ́ìlì kan), 100 ml ni fún lítà márùn-ún epo. Bí wọ́n bá kọ 25:1, 200 ml. Ní 1996, ọmọ iṣẹ́ kan bu epo lásán, tí kò ní ọ́ìlì, sí ẹ́ńjìn ọ̀gá mi. Igi kẹta la wà tí ẹ́ńjìn fi dákẹ́. A fa okùn, okùn kọ̀. Písítìnì ti há. Ọ̀gá mi ò bá a wí, wọ́n kàn jókòó sílẹ̀, wọ́n ń wo ẹ́ńjìn náà, èyí sì bà wá lẹ́rù ju ìbáwí lọ. Láti ọjọ́ yẹn, kẹ́ẹ̀gì pupa ni ti epo tí mo bá ti pò, kò sì sẹ́ni tó gbọdọ̀ bu nǹkan mìíràn sí i.

Má hú kùkùté kankan. Àbúrò bàbá rẹ ń rò pé oko iṣu ni. Tíìkì tí a gé máa ń rú padà, kíá sì ni. Gé e sísàlẹ̀, kí ojú rẹ̀ dagun díẹ̀ kí omi òjò má dúró lórí rẹ̀, kí o sì parí rẹ̀ kí òjò àkọ́kọ́ tó dé. Ọ̀mùnú á pọ̀ níbẹ̀. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, fi ẹyọ kan tó tọ́ sílẹ̀, gé ìyókù. Èyí tó bá wà lábẹ́ òjìji kò ní ṣe dáadáa, nítorí oòrùn ni tíìkì ń fẹ́, má yọ ara rẹ lẹ́nu lórí ìyẹn. Èyí tó wọ́, èyí tó là sí méjì àti èyí tí àwọn tó kù ti bò mọ́lẹ̀ ni kí o kọ́kọ́ mú. Oníbàárà á fẹ́ gba àwọn tó tọ́ lọ́wọ́ rẹ, má gbà fún un. Má sì gé ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ́dún yìí. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ tó ti ń fara ti aládùúgbò rẹ̀ láti kékeré, bí o bá ṣí i sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ìjì ni yóò tẹ̀ ẹ́.

Ìyá Olórí (Gànmọ́)

Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ ò dáhùn tèmi. Ọmọ mi, má fọwọ́ kan igi òrí yẹn. Ọdún 15 sí 20 ni kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í so dáadáa, èyí tìrẹ sì ti wà níbẹ̀ kí bàbá rẹ tó gbin tíìkì, mo dá a mọ̀ láti ẹnu rẹ. Àwọn tíìkì tó ń ṣíji bò ó ni kí o fi sínú àwọn tí o fẹ́ gé. Bí ọyẹ́ bá sì dé, gbá ewé tíìkì kúrò lẹ́bàá oko, kí o ro ọ̀nà iná yípo. Ewé yẹn ń jó bí ìwé. Iná ọdẹ kan ló jẹ igi òrí mẹ́rin tèmi.

Ọmọ Oní-tíìkì

Ẹ ṣeun, ìyá mi. Ọlọ́run á dá a padà. Igi òrí dúró.

Bàbá, mo ti ṣe é. Eyín ọ̀tún gùn ju tòsì lọ, tó bí ìdajì orí ìṣáná! Mo kà á sókè bí ẹ ṣe wí, odindi wákàtí kan àbọ̀ ni. Láàárọ̀ yìí, ó gé tààrà, èérún sì ń fò wọ bàtà mi. Ikán wà níbẹ̀ lóòótọ́, ó gun igi náà dé àyà mi. Ọmọkùnrin yẹn kò gbé fóònù mi mọ́. Ṣùgbọ́n báà ṣì ń gbóná díẹ̀, ọ́ìlì ṣéènì kì í sì í fẹ́rẹ̀ẹ́ dín nínú táńkì rẹ̀.

Bàbá Ẹlẹ́ńjìn (Òmù-Àrán)

Kò gbọdọ̀ rí bẹ́ẹ̀. Táńkì epo àti táńkì ọ́ìlì, wọ́n gbọ́dọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pọ̀ ni. Pa á, yọ báà. Ihò kékeré kan wà nídìí báà tí ọ́ìlì ń gbà wọlé. Ìyẹ̀fun ọ̀sẹ̀ yẹn ti dí i. Fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ yọ ọ́, kí o fi nǹkan pẹlẹbẹ ha inú ojú ọ̀nà ṣéènì títí dé orí. Dà á pọ̀ padà, tan ẹ́ńjìn, gbé orí báà sókè díẹ̀ sí kùkùté funfun kan láìjẹ́ kó kàn án, kí o jẹ́ kó sáré. Bí ọ́ìlì bá fín ilà sójú kùkùté, ó ti parí. Bí kò bá fín nǹkan kan, pọ́ńpù ọ́ìlì ni, kí o ya fọ́tò ìdí rẹ̀ wá kí n wò ó kí o tó gbé e fún ẹnikẹ́ni.

Kí o tó kó igi sójú títì, pe àwọn fọ́rẹ́sìrì (òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí igbó) kí wọ́n wá fi hámà lu àmì wọn sí i.