Ọmọ mi kúrò nílé ní Houston, ẹ bá mi dá sí i

Ìyá Ìbejì, Táńkẹ̀, Ìlọrin (Sátidé)
Ẹ̀yin ará ilé tó wà lókè òkun, mo kí yín o. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, wà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ní Houston láti 2022. Alẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni òun àti ẹ̀gbọ́n mi jọ sọ ọ̀rọ̀ tó le. Ó gbé báàgì ìwé rẹ̀, ó jáde, kò sì padà mọ́. Fóònù rẹ̀ ò lọ. Ẹ̀gbọ́n mi ní tí ebi bá pa á, á wálé. Ẹ̀gbọ́n mi ni, mi ò lè pàṣẹ fún un, ṣùgbọ́n n ò tíì fojú ba oorun. Ká ní Ìlọrin níbí ló ti ṣẹlẹ̀ ni, mo mọ ilé tí màá kọ́kọ́ kàn: ilé Alfa rẹ̀, ilé ìyá wa àgbà ní Pàkátà. Lọ́hùn-ún ńkọ́, ilé ta ni ọmọ ń sá lọ?

Bàbá Ọ̀fà, Houston
Ìyá Ìbejì, ẹ kú àìsùn, ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ó di ẹ̀yìn ọjọ́ kan tàbí méjì kí wọ́n tó fi tó ọlọ́pàá létí. Irọ́ ni. Láti 1990 ni òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ti sọ pé ọlọ́pàá ò gbọdọ̀ ní kí òbí ṣì lọ dúró ná tí ọmọ bá sọnù. Ní 2003, wọ́n fẹ òfin náà kan ẹni tí kò tíì pé ọdún mọ́kànlélógún. Kí ẹ̀gbọ́n yín mú fọ́tò ọmọ náà dání, kó sọ aṣọ tó wọ̀ jáde àti orúkọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì mẹ́ta. Kó má kúrò níbẹ̀ láìgba nọ́ńbà ẹjọ́ náà.

Lẹ́yìn ìyẹn, National Runaway Safeline, ìlà fóònù ìrànwọ́ fún ọmọ tó sá nílé àti ẹbí rẹ̀, 1-800-786-2929. Chicago ni wọ́n wà, láti 1971 ni wọ́n ti ń gbé ìpè, tọ̀sán tòru. Ọmọ lè pè, òbí náà lè pè. Nọ́ńbà 800 kì í sábà wọlé láti Nàìjíríà, nítorí náà ẹ gba orí íntánẹ́ẹ̀tì kọ̀wé sí wọn ní 1800runaway.org, wọ́n á dá yín lóhùn.

Ìyá Ìbejì
Ẹ ṣeun, bàbá. Ẹ̀gbọ́n mi ń bẹ̀rù pé tí ọlọ́pàá bá dá sí i, wẹ́fíà, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọmọdé, á kó àwọn ọmọ tirẹ̀ náà lọ. Èmi náà ń ro ọ̀rọ̀ físà ọmọ yìí.

Àǹtí Òmù-Àrán, Baltimore
Ẹ̀rù yìí ni mo máa ń bá lọ́kàn àwọn òbí wa, ó sì máa ń dùn mí, torí òun ni kì í jẹ́ kí wọ́n tètè ké síta. Ọdún mẹ́fà ni mo fi ṣiṣẹ́ alẹ́ ní ilé tí wọ́n ń gba ọmọ tó sá nílé sí. Òfin 1974 ló wà nídìí irú ilé bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjìdínlógún lè sùn níbẹ̀ fún ọjọ́ 21, ọ̀fẹ́ ni. A ó fún un lóúnjẹ, á wẹ̀, á rí ẹni jókòó tì í. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n gbọ́dọ̀ ti kàn sí òbí tàbí alágbàtọ́ rẹ̀. Mo ti rí ìyá tó wọlé pẹ̀lú ìbínú tó sì jáde pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ lápá, nítorí ẹni kẹta wà láàárín wọn tó jẹ́ kí oníkálùkù sọ tirẹ̀ tán.

Mi ò ní tàn yín. Tí ẹnì kan bá ti ń na ọmọ ní ìnàkúnà, tàbí tí wọ́n ń fi ebi pa á, òfin ò gbà kí òṣìṣẹ́ bò ó mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ gbólóhùn asọ̀ lásán, ìlàjà ni wọ́n ń wá. Ẹni tí ilé ò bá ṣe é padà sí rárá, ètò mìíràn wà fún un láti ọdún 16 títí di 21, ó lè lo 540 ọjọ́ níbẹ̀, kó máa kọ́ iṣẹ́, kó máa kọ́ bí wọ́n ṣe ń dá gbé.

Ní ti ìwé ìgbélùú, láti 1982 ni ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ti sọ pé ilé ìwé ìjọba ò lè torí rẹ̀ lé ọmọ jáde. Texas gan-an ni ẹjọ́ yẹn ti wá.

Bàbá Ọ̀fà, Houston
Ẹ fi nọ́ńbà ẹ̀gbọ́n yín ránṣẹ́ sí mi ní kọ̀rọ̀. Èmi àti Àlàájì kan tí a jọ wà ládùúgbò á lọ kí i lọ́la. A ò lọ bá a jà. Ọkùnrin máa ń gbọ́ tó bá jẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ ló wá jókòó sí pálọ̀ rẹ̀.

Ọmọ Ajàṣẹ́, Philadelphia
Ẹ jọ̀ọ́ mà, èmi kéré nínú yín, àmọ́ mo ti ṣe irú ẹ̀ rí. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí nígbà náà, mo kúrò nílé àbúrò bàbá mi. Òru mọ́kànlá ni mo fi sùn sórí àga ní ilé ọ̀rẹ́ mẹ́ta. Mi ò mọ̀ pé ẹni tó bá ń ṣe báyẹn náà ni òfin ń pè ní aláìnílé. Olùkọ́ ìṣirò mi ló rí i pé aṣọ kan náà ni mò ń wọ̀. Ó mú mi lọ bá obìnrin kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ irú wa nìkan. Òfin McKinney-Vento ló ní kí gbogbo àgbègbè ilé ìwé ní irú ẹni bẹ́ẹ̀. Kò béèrè ìwé àdírẹ́ẹ̀sì, kò béèrè ìbuwọ́lùwé alágbàtọ́. Ó fún mi ní owó ọkọ̀ àti oúnjẹ ọ̀sán. Nígbà tí mo fẹ́ wọ yunifásítì, ìwé tó kọ fún mi ni mo fi gba owó ìrànwọ́ ìjọba láìmú ìwé owó òbí kankan wá.

Mà, ẹ ní báàgì ìwé ló gbé. Ẹni tó gbé báàgì ìwé kò sá fún ilé ìwé. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wò ó níbẹ̀ láàárọ̀ Mọ́ńdè.

Ẹ tún béèrè pé ilé ta ni ọmọ ń sá lọ. Àmì aláwọ̀ ìyeyè kan wà tí wọ́n kọ Safe Place sí, ẹ máa rí i lára ilé ìkàwé àti ilé panápaná ní ọ̀pọ̀ ìlú. Ọmọ tó bá wọ ibẹ̀, wọ́n á bá a pe ẹni tó máa wá gbà á. Ó dà bí ìgbà tí a bá sá dé ilé àgbà ní Ajàṣẹ́, tí ẹnikẹ́ni ò lè nà wá mọ́. Tí kò bá mọ ibi tó wà, kó kọ SAFE àti àdírẹ́ẹ̀sì ibi tó dúró sí ránṣẹ́ sí 44357.

Ohun tó mú mi pẹ́ níta ni ohùn tí àbúrò bàbá mi fi sórí fóònù mi, pé mo ti dójú ti ẹbí. Ohun tó mú mi pe ilé ni ohùn ìyá mi láti Ajàṣẹ́. Kò bá mi wí. Ó kàn pe oríkì mi lẹ́ẹ̀mẹta, ó dákẹ́, mo ń gbọ́ bí ó ṣe ń mí. Mà, ẹ lè rán Safeline níṣẹ́ sí i. Tó bá pè wọ́n, wọ́n á jẹ́ ẹ fún un.

Ọmọ Ìyèrú Ọ̀kín, Manchester
Fún àwọn tiwa ní ìlú ọba: Missing People, ẹgbẹ́ tó ń ran ẹbí ẹni tó sọnù lọ́wọ́, 116 000, ọ̀fẹ́ ni. Ọmọ ọdún 16 tàbí 17 tí kò ní ibùgbé, káńsù, ìjọba ìbílẹ̀ wọn, ló ni ín. Tí wọ́n bá fẹ́ fún un ní yàrá nìkan, ẹ ní section 20 ti Children Act 1989, ibi tí òfin ti ní kí káńsù gba ọmọ tí kò ní ibùgbé sí ìtọ́jú, ni kí wọ́n fi yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹjọ́ Southwark ti 2009, tó ní káńsù ò lè fi yàrá lásán yẹra fún iṣẹ́ yẹn, wà lẹ́yìn yín. Yàrá lásán ò ní alágbàtọ́, kò sì sí ẹni tó máa tẹ̀ lé e lẹ́yìn ọdún 18.

Àǹtí Òmù-Àrán, Baltimore
Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé: tó bá jẹ́ ìlú mìíràn ni ọmọ sá dé, láti 1995 ni Safeline àti ilé iṣẹ́ bọ́ọ̀sì Greyhound ti ń fún ọmọ ọdún 12 sí 21 ní tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀sì ọ̀fẹ́ padà sọ́dọ̀ ẹbí.

Ìyá Ìbejì (alẹ́ Mọ́ńdè)
Àlíámúdù. Bàbá Ọ̀fà, Ọlọ́run á tọ́jú yín. Ẹ̀gbọ́n mi lọ fi tó ọlọ́pàá létí lánàá. Lónìí, ọmọ náà wà ní kíláàsì! Wọ́n fún un ní nọ́ńbà Safeline níbẹ̀, ó pè, wọ́n sì jẹ́ iṣẹ́ mi fún un. Oríkì rẹ̀ nìkan ni mo fi ránṣẹ́. Ilé ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló wà. Ó ní òun á pè mí lórí WhatsApp ní aago mẹ́jọ alẹ́ wọn, èmi nìkan, kì í ṣe ẹ̀gbọ́n mi. Ọmọ Ajàṣẹ́, kí ni kí n kọ́kọ́ sọ?

Ọmọ Ajàṣẹ́, Philadelphia
Ẹ má bi í ní ìgbà tó máa padà, mà. Ẹ bi í bóyá ó ti jẹun.

Ìyá Ìbejì
Mo gbọ́. Aago méjì òru nìyẹn níbí. Mo ti ra epo sínú jẹnẹrétọ̀, fóònù ti wà lórí iná.