Èsì: "ìwé-àìgbàgbé" kọ́ o

Ẹ ǹlẹ́ o, ọ̀kun o.

Ẹ̀gbọ́n wa tó ń gbé Ìlọrin ní ká máa pe ìwé tí àwọn tí àrùn ìgbàgbé ń ṣe ń kọ ìṣẹ̀lẹ̀ òòjọ́ sí ní "ìwé-àìgbàgbé". Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n, "àì-" yẹn ni mi ò gbà. Àìsùn ni kéèyàn má sùn. Àìjẹun, kó má jẹun. Ta ló sọ pé ẹni tó bá kọ ọ́ kò ní gbàgbé mọ́? Láti 1906 tí dókítà Alois Alzheimer ti ṣàlàyé irú àrùn yìí tó wọ́pọ̀ jù ní Jámánì, kò tíì sí oògùn tó wò ó sàn, áḿbọ̀sì bíró.

Ẹni tó kọ "ìwé aláràn", ẹ wo àmì ohùn yín! Arán ni àgbà ń ṣe, inú ọmọdé ni aràn wà. Bẹ́ẹ sì tún un kọ, èébú ṣì ni.

Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni màmá mi, ní Ìsánlú, ní Kogi; àrùn ìgbàgbé yìí ń ṣe é. Tó bá ti jẹun àárọ̀ tán, orí àga kan náà ló ń jókòó sí láti kọ ìwé rẹ̀: déètì, ojú ọjọ́, ẹni tó wá, ohun tó jẹ. A kì í yí àkókò rẹ̀ padà, torí ohun tó ti mọ́ ọn lára ń pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ju ọ̀rọ̀ àárọ̀ yìí lọ. Lọ́jọ́ kan, ó kọ "Mo jẹ iyán" ní ìlà mẹ́ta tẹ̀léra. Mi ò pa nǹkan kan rẹ́. Nígbà tó di ọ̀sán, ó ní a fi ebi pa òun. Mo ṣí ìwé náà síwájú rẹ̀. Ó fìka tọ ìlà náà, ó rẹ́rìn-ín: "Ọwọ́ mi rèé."

Ṣé ó rántí iyán ọ̀hún ni? Rárá. Ìwé ló rán an létí. Ẹni fúnra rẹ̀ ló ń rántí. Ẹlòmíràn ló ń ránni létí. "Ni" kékeré àárín yẹn, èèyàn ni. Ìwé ìránnilétí ni tèmi. "Ìwé ìrántí" kẹ̀? Èyí tí wọ́n ń pín níbi òkú?

Ẹni tó sì ní ará Kogi kò lè kọ́ òun ní Yorùbá: Kwara la wà títí di 1991. Ṣé ọjọ́ tí wọ́n pààlà ni èdè bọ́ lẹ́nu wa?

"Ìwé àná" ni màmá ń pè é ní tirẹ̀. Ẹ̀gbọ́n, mo ṣì ń retí àpẹẹrẹ "àì-" kan ṣoṣo tí kì í ṣe "kí a má".