Ẹnìkejì mi ní kò sóhun tí olè orí íntánẹ́ẹ̀tì fẹ́ rí lọ́dọ̀ wa. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Oníṣirò11
Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Àwa mọ́kànlá la wà níléeṣẹ́ wa. À ń bá àwọn iléeṣẹ́ mìíràn ṣírò owó oṣù òṣìṣẹ́ wọn, nítorí náà orúkọ, àdírẹ́sì àti nọ́ńbà báńkì ọ̀pọ̀ èèyàn ló wà lọ́wọ́ wa. Mo ní ó yẹ ká wá nǹkan ṣe sí ààbò kọ̀ǹpútà wa. Ẹnìkejì mi tá a jọ dá iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní, “Àwọn iléeṣẹ́ ńlá ni wọ́n ń wá, ta ló mọ̀ wá?” Kí ni kí n sọ fún un? Níbo sì ni kí n ti bẹ̀rẹ̀? Owó ọwọ́ wa ò pọ̀.

Aṣọ́nà
Ọ̀gá mi, ẹnìkejì yín rò pé ẹnì kan jókòó síbì kan tó ń yan ẹni tó máa jà lólè. Àwọn kan ń ṣe bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Àmọ́ lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ̀rọ ló ń kiri orí íntánẹ́ẹ̀tì tọ̀sán-tòru, tó ń ti gbogbo ilẹ̀kùn wò. Èyí tó bá ṣí ló ń gbà wọlé, kò bìkítà bóyá èèyàn mọ́kànlá ló wà nínú ilé.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2017, fáírọ́ọ̀sì kan tí wọ́n ń pè ní WannaCry wọ kọ̀ǹpútà ní orílẹ̀-èdè tó tó 150. Ó ti fáìlì pa, ó ní kí wọ́n sanwó kó tó ṣí i. Àwọn ilé ìwòsàn kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní láti dá aláìsàn padà. Bẹ́ẹ̀ Microsoft, àwọn tó ṣe Windows, ti gbé àtúnṣe tó dí ihò tó gbà wọlé jáde láti oṣù Kẹta! Ẹ jẹ́ kí àwọn kọ̀ǹpútà yín máa gba àtúnṣe fúnra wọn. Kò ná yín ní nǹkan kan.

Ojúlówó
Ẹ kàn ra antivirus tó dáa, ó parí.

ÌyáÀkáǹtì
Ojúlówó, antivirus wúlò, àmọ́ kò parí síbẹ̀. Ó wà lórí gbogbo kọ̀ǹpútà wa lọ́jọ́ tí tiwa ṣẹlẹ̀. Àwọn gbájúẹ̀ ti wọ ímeèlì ẹnì kan tó ń kó ọjà fún wa. Wọ́n jókòó síbẹ̀, wọ́n ń ka ohun tá à ń bá ara wa sọ. Nígbà tí owó ńlá fẹ́ jáde, wọ́n kọ̀wé sí wa láti inú ímeèlì ẹni náà gan-an pé àwọn ti pààrọ̀ báńkì. A sanwó. Kò sí fáírọ́ọ̀sì kankan níbẹ̀ tí antivirus ì bá mú.

Ọmọbìnrin tó fi owó náà ránṣẹ́ kò ṣẹ̀ wá, àwa la ò ṣe òfin kankan tó lè gbà á sílẹ̀. Òfin wa nísinsìnyí: ẹnikẹ́ni tó bá ní nọ́ńbà báńkì òun yí padà, a ó pè é lórí nọ́ńbà fóònù tá a ti ní tẹ́lẹ̀, kì í ṣe èyí tó wà nínú ímeèlì yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sì máa kígbe mọ́ òṣìṣẹ́ tó bá ṣèèṣì tẹ líǹkì. Tí ẹ̀rù bá ń bà á, ó máa fi pa mọ́, bẹ́ẹ̀ tẹ́ ẹ bá tètè gbọ́, báńkì ṣì lè dá owó náà dúró.

Aṣọ́nà
Ẹ ṣeun, Mà. Oníṣirò, ẹ sọ èyí fún ẹnìkejì yín: ní 2013, iléeṣẹ́ kékeré tó ń bójú tó ẹ̀rọ amúlétutù fún Target, àwọn oníṣọ́ọ̀bù ńlá ní Amẹ́ríkà, ni àwọn olè gbà wọ Target, wọ́n sì kó nọ́ńbà káàdì báńkì tó tó mílíọ̀nù 40. Ẹ̀yin náà ni ilẹ̀kùn sí ọ̀dọ̀ gbogbo àwọn oníbàárà yín.

Oníṣirò11
Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Ẹ̀dà fáìlì wa ńkọ́? Dísíìkì kan wà tá a so mọ́ kọ̀ǹpútà ńlá, kì í kúrò níbẹ̀.

Ẹ̀dàMẹ́ta
Ẹ yọ ọ́! Ohun tó bá ti kọ̀ǹpútà pa máa ti ohun tó so mọ́ ọn pa pẹ̀lú. Nígbà tí fáírọ́ọ̀sì mìíràn tó ń jẹ́ NotPetya kọ lu Maersk, àwọn ọlọ́kọ̀ òkun, ní oṣù Kẹfà 2017, ẹ̀rọ tó ní àkọsílẹ̀ ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti wọlé sórí kọ̀ǹpútà wọn wà káàkiri ayé, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ ẹ̀dà èkejì. Gbogbo wọn ló bà jẹ́ pọ̀, àfi ọ̀kan ní Gánà. Kí ló gba ìyẹn là? Iná ló lọ níbẹ̀, ẹ̀rọ náà kò sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì lásìkò yẹn.

Ẹ má dúró de irú oríire bẹ́ẹ̀. Ẹ ní ẹ̀dà kan tí kò so mọ́ ohunkóhun, kó wà ní ibòmíràn. Kẹ́ ẹ sì gbìyànjú láti ṣí fáìlì láti inú rẹ̀ lóṣooṣù. Mo ti rí àwọn tó ń ṣe ẹ̀dà fún ọdún mélòó kan, tó jẹ́ pé òfìfo ló wà níbẹ̀.

Aṣọ́nà
Ọ̀kan ṣì kù, òun ni màá kọ́kọ́ ṣe tó bá jẹ́ èmi: ẹ fi kóòdù kejì, irú èyí tó ń wá sórí fóònù, sí gbogbo ímeèlì, kó jẹ́ pé páswọ́ọ̀dù nìkan kò lè ṣí i. Ẹ ti àkáǹtì àwọn tó ti fiṣẹ́ sílẹ̀ pa. Colonial Pipeline tó ń gbé epo ní Amẹ́ríkà dá iṣẹ́ dúró fún ọjọ́ mélòó kan ní 2021 nígbà tí àwọn olè wọ kọ̀ǹpútà wọn, wọ́n sì san nǹkan bíi mílíọ̀nù 4.4 dọ́là fún àwọn olè náà. Àkáǹtì àtijọ́ kan tẹ́nì kankan ò lò mọ́, tí kò ní kóòdù kejì, ni àwọn olè náà gbà wọlé.

Oníṣirò11
Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ka orúkọ tó wà lórí ímeèlì wa. Mẹ́rìnlá ni, bẹ́ẹ̀ àwa mọ́kànlá la wà. Mo ti pe ẹnìkejì mi wá síwájú kọ̀ǹpútà, òun fúnra rẹ̀ ló ń ti àwọn mẹ́ta yẹn pa báyìí.