Mo pàṣẹ fún un, ó ń kọ àṣẹ náà sílẹ̀!

Okun o, ẹ̀yin ará mi. Kabba ni mo wà, èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ ìlú wa, ọwọ́ ọ̀tún mi ń dùn mí látìgbà tí mo ti ṣubú lórí ọ̀kadà, ni mo bá kúkú ń sọ mínítì ìpàdé sínú Google Docs lórí láptọ́ọ̀pù, kó máa bá mi tẹ ohun tí mo bá sọ, torí Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ní ká fi máa kọ ọ́. Ọ̀rọ̀ ń wọlé dáadáa o (yàtọ̀ sí Ọbaro, orúkọ oyè ọba wa, tó ń kọ ní "a barrow", ẹ jọ̀ọ́ ẹ má sọ fún Kábíyèsí), àmọ́ tí mo bá ní "new paragraph", ó lè bọ́ sísàlẹ̀, ó sì lè kọ "new paragraph" síbẹ̀ gàdàgbà. "Bold", àṣẹ tó ń mú kí lẹ́tà nípọn, ló wá burú jù, "bowl" ló ń kọ.

Mo ti gbìyànjú kí n dákẹ́ díẹ̀ kí n tó pàṣẹ, Chrome ni mò ń lò, èdè àkáǹtì àti ti dókúmẹ́ǹtì ti wà ní Gẹ̀ẹ́sì torí àṣẹ yẹn kì í gbọ́ èdè mìíràn, síbẹ̀ náà ni. Ọmọ mi ní kí n ra makirofóònù, owó dà?

Kí ni kí n ṣe kó lè mọ̀ pé àṣẹ ni mò ń pa, kì í ṣe ọ̀rọ̀ mínítì? Ẹ má bínú pé ó gùn, mo ti ń dúpẹ́ sílẹ̀ o.