Àwo orin àkọ́kọ́ fún ẹgbẹ́ garage rock ọ̀dọ́: ihò mẹ́rin péré ni interface wa (ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn máìkì wọ kọ̀ǹpútà) ní, báwo ni ká ṣe ká a sílẹ̀?

Mẹ́rin_Nínú_Gáréèjì
Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin àgbà. Mẹ́rin ni wá nínú ẹgbẹ́: gìtá méjì, béèsì àti ìlù. Ọ̀kan nínú àwọn onígìtá ló ń kọrin. Ọmọ ọdún 16 sí 18 ni gbogbo wa. Orin mọ́kànlá ti dán mọ́ wa lọ́wọ́, a sì fẹ́ ká wọn sílẹ̀ nínú gáréèjì tí a ti ń ṣe ìdánrawò. Máìkì tó wà nílẹ̀ ni SM57 méjì (èyí tó lè gba ariwo ńlá), condenser kékeré méjì tó jọra (èyí tó ń tètè gbọ́ ìró), àti ńlá kan fún kick (ìlù ńlá tí wọ́n ń fẹsẹ̀ lù). Ṣé ká lu gbogbo rẹ̀ pọ̀ ni, àbí kí oníkálukú máa ká tirẹ̀? Níbo la ó gbé máìkì sí? Ìkẹta ló ń dùn wá jù: bí a bá ká ìlù sílẹ̀, ṣe ló máa ń dún bíi pé inú páànù la ti lù ú. Kí ló fà á?

Onílù_Àgbà
Ẹ lù ú pọ̀. Garage rock tí wọ́n bá ká lẹ́yọ lẹ́yọ máa ń wà létòlétò, ṣùgbọ́n kì í gbóná. Ohun tó ń mú un gbóná ni pé onílù á yára díẹ̀ bí ègbè bá ti wọlé, àwọn yòókù á sì sáré tẹ̀ lé e. Ẹ ò lè rí ìyẹn bí oníkálukú bá ń dá lu tirẹ̀.

Bí màá ṣe pín ihò mẹ́rin yẹn rèé: condenser kan lókè ìlù, máìkì kick, àti SM57 kọ̀ọ̀kan níwájú amp (ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn sókè) gìtá kọ̀ọ̀kan. Béèsì ló máa kẹ́yìn. Oníbéèsì á bá yín lù lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n kí ohùn amp rẹ̀ lọ sílẹ̀, kí onílù ṣáà ti máa gbọ́ ọ. Lẹ́yìn náà, á ki wáyà béèsì bọ interface tààrà, á sì tún un lù. Kó má yí nótì kankan padà o. Ti àkọ́kọ́ ti yọ́ wọ máìkì ìlù, bí tuntun bá yàtọ̀ sí i, àwọn méjèèjì á máa bá ara wọn jà, ohùn ìsàlẹ̀ á kàn rú pọ̀ ni.

Ẹ gbé amp gìtá kúrò nílẹ̀, ẹ gbé e ka orí àga. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí aṣọ iwájú rẹ̀ kí ẹ lè rí spíkà. Ẹ wá gbé ẹnu SM57 síbi tí ìdérí róbótó àárín spíkà ti pàdé pépà rẹ̀, kó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan aṣọ. Bí ohùn bá ń gún etí, ẹ sún un síta ní ìwọ̀n ìka méjì. Bó bá dún bíi pé wọ́n bò ó lẹ́nu, ẹ sún un padà sáàárín. Kí ẹ sì dín gain (bọ́tìnì tó ń mú ohùn amp ki, kó sì máa hó) kù ju bí ẹ ṣe ń lò ó nígbà ìdánrawò. Gain púpọ̀ máa ń jẹ ìró ìgbà tí pick (ike tí ẹ fi ń ta gìtá) bá kan okùn, gìtá méjì á wá di híhó kan ṣoṣo.

24-bit àti 48 kHz ti tó. Ìró snare (ìlù tó wà láàárín ẹsẹ̀ onílù) tó le jù lọ, kó má kọjá nǹkan bíi -10 dB. Ohùn tó bá ti fọ́ nínú kọ̀ǹpútà ò ṣeé tún ṣe.

Okùn_Ìwọ̀n
Ẹ̀gbọ́n Onílù, mo fara mọ́ lílù pọ̀, ṣùgbọ́n máìkì kan lókè ò tó ìlù. Ọ̀nà tí Glyn Johns, ẹnjiníà ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi gbajúmọ̀ ni màá lò: condenser kan lókè snare tààrà, bíi mítà kan sí i. Èkejì á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ floor tom (ìlù ńlá tó dúró nílẹ̀), kó ga ju etí rẹ̀ lọ díẹ̀, kó sì kọjú sí snare. Kick ní tirẹ̀. Ihò kẹrin á wá jẹ́ ti béèsì, kí àwọn onígìtá tún tiwọn ká lọ́la.

Ẹ má fojú wọn ọ̀nà jíjìn yẹn. Kí ẹnì kan fi ìka tẹ orí okùn mọ́ àárín snare, kí ẹnì kejì fà á dé ẹnu máìkì kìíní, kó so kókó síbẹ̀, kó wá gbé kókó yẹn lọ sí máìkì kejì. Ó gbọ́dọ̀ dọ́gba. Bí ọ̀kan bá fi 10 cm jìnnà ju èkejì lọ, ìró snare á pẹ́ débẹ̀ ní nǹkan bí 0.3 ms, àwọn méjèèjì á sì máa pa ara wọn jẹ ní agbègbè 1,700 Hz. Snare á rọ, ẹ ó sì rò pé awọ ló ti gbó.

Bí ẹ bá ṣe tán, ẹ tẹ bọ́tìnì Ø (tó ń dojú ìró dé) lórí ihò kick, kí ẹ gbọ́ ọ lọ́nà méjèèjì. Èyí tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ bá kún jù ni kí ẹ lò.

Etí_Ògiri
Ẹ jẹ́ ká dá ọ̀rọ̀ páànù yẹn lóhùn, torí kò sí bí ẹ ṣe lè pín máìkì tó lè wo yàrá sàn. Ẹ pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan láàárín gáréèjì. Bí ẹ bá gbọ́ “tírírírí” lẹ́yìn rẹ̀, ògiri méjì tó kọjú síra ló ń ju ìró náà síra wọn. Ẹ fi aṣọ ìbora tó nípọn kọ́ sára ọ̀kan nínú wọn, kí àlàfo bí 10 cm wà láàárín aṣọ àti ògiri. Kò pọn dandan kí ẹ bo èkejì.

Àjà ló máa ń burú jù. Bí ó bá ga ní 2.4 m péré, máìkì tí ẹ bá gbé ga jù lókè ìlù lè má jìnnà sí i ju bíi 40 cm lọ. Ìró snare á kọ́kọ́ kọjá lára máìkì, á lọ kan àjà, á sì padà wá lẹ́yìn nǹkan bí 2.3 ms. Ohun tí ìyẹn ń pa jẹ ni agbègbè 200 Hz, ibẹ̀ gan-an sì ni ara snare wà. Ohun tó ṣẹ́kù ni páànù tí ẹ ń gbọ́ yẹn. Ẹ na aṣọ ìbora mìíràn sábẹ́ àjà níbẹ̀, kí ẹ rọ máìkì sílẹ̀ sí 80 cm sí snare.

Kápẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ ìlù. Bí ìlẹ̀kùn gáréèjì bá jẹ́ irin, ẹ lu béèsì láti nótì ìsàlẹ̀ lọ sókè díẹ̀díẹ̀, kí ẹnì kan máa fọwọ́ kan ìlẹ̀kùn náà. Ibi tó bá ti ń gbọ̀n ni kí ẹ ki fóòmù sí. Kí onílù sì rọra pẹ̀lú cymbal (àwo irin ìlù), kó na snare gidi. Ìyẹn nìkan ń ṣe ju gbogbo máìkì lọ.

Mẹ́rin_Nínú_Gáréèjì
Ẹ ṣeun púpọ̀, a ti rí okùn. Click (ìró tó ń ka ìyára orin sí wa létí) ńkọ́? Ohùn orin ńkọ́?

Onílù_Àgbà
Okùn_Ìwọ̀n, ọ̀nà yín dára fún ìlù, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n bí gìtá bá kúrò nínú yàrá, ọwọ́ onílù á tutù. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ fi orin kan dán ọ̀nà méjèèjì wò.

Click: kí onílù gbọ́ ọ fún ìlà méjì, kí ẹ wá pa á. Gbogbo take (ìgbà kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá ká orin kan) á bẹ̀rẹ̀ ní ìyára kan náà, ẹ ó sì lè gé ìdajì èyí mọ́ ìdajì tọ̀hún. Ẹ má kọjá take mẹ́rin lórí orin kan. Bí kò bá bọ́ sí i, ẹ lọ sórí orin mìíràn. Ẹ tún ohùn okùn gìtá tò (tuning) ṣáájú gbogbo take. Ẹ pààrọ̀ okùn gìtá ní ọjọ́ kan ṣáájú, kó ti nà tán.

Ohùn orin, ẹ ká a lẹ́yìn, pẹ̀lú SM57, kí ẹnu jìnnà sí i ní ìbú ọwọ́ kan. Igbe ni orin yín ń fẹ́, ẹ jẹ́ kó ké e. Ní 1963, ní Portland ní Amẹ́ríkà, nígbà tí ẹgbẹ́ The Kingsmen ń ká orin “Louie Louie” sílẹ̀, òkè ni wọ́n gbé máìkì olórin wọn kọ́, ṣe ló na ọrùn ké sí i. Igbe yẹn làwọn èèyàn ṣì ń gbọ́ títí dòní.

Ẹ fi nǹkan dí etí. Àjọ NIOSH ti Amẹ́ríkà, tó ń ṣèwádìí ìlera àwọn òṣìṣẹ́, sọ pé ní 100 dB, ìṣẹ́jú 15 péré lóòjọ́ ni etí lè gbà, ìlù nínú yàrá kọnkéré sì ń kọjá bẹ́ẹ̀. Etí tó bá ti ń dún “wíìì” lálẹ́ kò yẹ kó ṣe mixing (pípo gbogbo ohùn pọ̀) lọ́jọ́ kejì.

Àwo_Dúdú
Orin mọ́kànlá, bó bá jẹ́ ìṣẹ́jú méjì ààbọ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò tó ìṣẹ́jú 28. Ó dáa bẹ́ẹ̀, ẹ má fi kún un. Bí ẹ bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́ sórí àwo dúdú, ìṣẹ́jú 14 lójú kan ń fún wọn láàyè láti gé e kó dún sókè. Orin tó pariwo jù ni kó ṣáájú lójú kọ̀ọ̀kan. Bí abẹ́rẹ́ bá ti ń sún mọ́ àárín àwo, ohùn òkè á máa fọ́, torí náà èyí tó rọra ni kó parí rẹ̀.

Fún orí íntánẹ́ẹ̀tì, Spotify máa ń rọ ohùn sí nǹkan bí -14 LUFS (ìwọ̀n bí orin ṣe ń dún sókè tó), nítorí náà ẹ má tẹ̀ ẹ́ pa. Kí orí ìró má kọjá -1 dB. Orin kọ̀ọ̀kan á ní ISRC (kóòdù tí wọ́n fi ń dá orin tí a ká sílẹ̀ mọ̀) tirẹ̀, àmì 12. Ẹ bi ẹni tó ń bá yín gbé e jáde bóyá òun ló máa fún yín.

Ẹ kọ ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ orin àti ẹni tó ṣe ohùn rẹ̀ sílẹ̀ lórí ìwé kan, orin kan sí ìwé kan, pẹ̀lú ìdá tí oníkálukú ní, kí ẹ tó gbé e jáde. Àwọn tí wọn ò tíì pé 18 nínú yín, kí òbí wọn náà fọwọ́ sí i.